"Dọ́gba" kọ́ ni gbogbo ẹ̀

Iṣẹ́ tí à ń di ru "mú dọ́gba" ti pọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ kí nǹkan rí bákan náà, mú dọ́gba ló máa wí. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bára mu, mú dọ́gba náà ni. Lójú tèmi, ìwọ̀n nìkan lọ̀rọ̀ yẹn wà fún: iye, gígùn, wíwúwo. Ohun tó jẹ́ ká máa ní ìka ò dọ́gba nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń ní ìka ò bára mu, torí wọ́n bára mu, òun la fi ń rí nǹkan dì mú.

Ẹ wo mudu, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà, ní ọjà Ìpàta tàbí Ọjà Ọba n'Ílọrin. Kí mudu méjì tó dọ́gba, ìdí méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ́ (èyí tí wọ́n bá ti lu ìdí ẹ̀ wọnú, ó ti parí), wọn ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ gbá orí ọ̀kan kí wọ́n ga orí èkejì. Ẹ̀wà olóyin àti ẹ̀wà funfun lè dọ́gba báyìí, wọn ò rí bákan náà.

Ìdí òfì lọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, bí ìnṣì mẹ́rin ní ìbú, kí wọ́n tó rán etí mọ́ etí. Ẹ gba ọ̀pá mẹ́ta mẹ́ta lọ́wọ́ ahunṣọ méjì: wọ́n dọ́gba. Àmọ́ bí ọ̀kan bá ń gbá òwú mọ́ra ju èkejì lọ, ọnà tiẹ̀ á sún kì, ìlà ò sì ní bá ìlà pàdé. Wọn ò bára mu nìyẹn. Bí òwú ò bá jẹ́ èyí tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ọnà lè pàdé kí àwọ̀ má rí bákan náà. Ti gígùn, ọ̀pá ìwọnṣọ á yanjú ẹ̀. Ti ọnà, ọwọ́ kan ni kó hun ún délẹ̀. Ti àwọ̀, kí wọ́n ra òwú pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún.

Ẹ jẹ́ ká fi "sọ di bákan náà" sílẹ̀ fún ohun tí ìlànà kan kó pọ̀, bí àkọtọ́ ọdún 1974, ìlànà tí à ń tẹ̀ lé láti kọ Yorùbá sílẹ̀. "Aiye" di "ayé", "Ọffa" di "Ọ̀fà". Ẹnikẹ́ni ò wọn nǹkan kan níbẹ̀. Ìkọ̀wé ni wọ́n sì sọ di bákan náà, wọn ò kan ẹnu: ará Òmù-Àrán ṣì ń fọ Ìgbómìnà ẹ̀.