Pé scan dárúkọ oxygen sensor kò ní kí ẹ lọ ra òmíì

Ọ̀rọ̀ scan, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú ọkọ̀, àti oxygen sensor, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo èéfín, tún ká mi lára lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó jù mí lọ, tí mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí, dúró láàárín àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ nítòsí Tákìè, ó ní, "Tí scan bá ti pe oxygen sensor, ẹ má fàkókò ṣòfò. Ẹ yọ ọ́, kí onímọ́tò lọ ra òmíì." Àwọn ọmọ náà ń mi orí. Ohun tí wọ́n máa lọ sọ fún oníbàárà tiwọn náà nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba fírídọ́ọ̀mù, owó onímọ́tò ni yóò sì máa bá a lọ.

Irọ́ ni. Ríwáyà, oníṣẹ́ wáyà iná ọkọ̀, ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, iṣẹ́ tí mo sì ń tún ṣe jù lẹ́yìn ẹlòmíì nìyí: ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, tí iná ẹ́ńjìnnì tún padà tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí nǹkan yìí ń ṣe. Iléeṣẹ́ Bosch ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ọdún 1976 ni wọ́n sì fi sí ara ọkọ̀ Volvo tí wọ́n ń tà ní California. Ara páìpù sàlẹ́ńsà ló ń gbé. Ó ń fi oxygen tó ṣẹ́kù nínú èéfín wé ti afẹ́fẹ́ ìta, ó sì ń fi iná kékeré ròyìn fún brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Tí epo bá pọ̀ jù, iná náà á gòkè dé nǹkan bí 0.9 volt. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, á wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.1. Kò lè ṣiṣẹ́ àfi tó bá gbóná dé nǹkan bí 300 degree Celsius, ìdí nìyẹn tí heater fi wà nínú rẹ̀. Kò tún ní iṣẹ́ míì. Oníṣẹ́ lásán ni. Tó bá jíṣẹ́ pé afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òótọ́ ló sọ!

Ẹ wo kóòdù tí scan máa ń gbé jáde: P0131 ní iná tí sẹ́ńsọ̀ iwájú, èyí tó wà ṣáájú catalyst, ń mú wá kéré. P0171 ní epo kò tó, afẹ́fẹ́ ló pọ̀. P0420 ní catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lára páìpù sàlẹ́ńsà, kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Kò sí ibi kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti ní kí ẹ ra sẹ́ńsọ̀.

Bàbá olùkọ́ kan gbé Corolla wá sọ́dọ̀ mi láti Sábó. Wọ́n ti ra sẹ́ńsọ̀ tokunbo sí i, wọ́n tún ní ayédèrú ni, wọ́n ní kí bàbá lọ ra tuntun ní Gate, n'Íbàdàn. Ó lọ rà á. Iná ò kú. P0131 pẹ̀lú P0171 ló ń jáde. Mo ní kí bàbá fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó sùn, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi ohun tí mò ń wá pamọ́: irin á wú, ojú tó là á pàdé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí ọmọ kan fi aṣọ tútù dín ẹnu sàlẹ́ńsà kù lẹ́yìn, èmi sì tẹrí sábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ ọ: ṣẹ́, ṣẹ́, ṣẹ́, níbi tí manifold, irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, ti pàdé páìpù. Èéfín ti fa ìlà dúdú tín-ín-rín síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà náà kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo da omi ọṣẹ sí ẹsẹ̀ páìpù tí kò tíì gbóná, ó hó lójú wa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Èéfín kì í tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń jáde ní ìgbì ni. Láàárín ìgbì kan sí èkejì, ibi tó là yẹn á fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Sẹ́ńsọ̀ wà níwájú díẹ̀, ó rí oxygen, ó sọ ohun tó rí. Brain box gbà á gbọ́, ó ń da epo kún epo, bàbá ń ra epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹni tó sọ òótọ́. Wẹ́dà jó ojú ibẹ̀ pa. Sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó bá ọkọ̀ dé láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti jù sínú bọ́ọ̀tù, ni mo dá padà sípò rẹ̀. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n orí ni wọ́n ń bẹ́ fún bàbá yẹn látìbẹ̀rẹ̀ wá.

Sàlẹ́ńsà nìkan kọ́. Plug kan tí kò jó dáadáa, oxygen inú sílíńdà rẹ̀ á jáde láìjó, sẹ́ńsọ̀ á ní afẹ́fẹ́ pọ̀. Róbà afẹ́fẹ́ tó bẹ́ lára manifold tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Eruku ọ̀nà wa tó bo MAF sensor, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù tó ti rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀rọ scan yín fúnra rẹ̀ á tọ́ka ọ̀nà tí ẹ bá fara balẹ̀ wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò, dípò kí ẹ ka kóòdù kí ẹ pa á. Tó bá ga nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì wálẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì dé 2,500 RPM, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé. Tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ga sí i, ẹ lọ wo pọ́ǹpù àti MAF.

Ti P0420 ló máa ń bí mi nínú jù. Ìyá oníṣòwò kan ní wọ́n ní kó ra sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn fún Sienna rẹ̀. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, páìpù gbọọrọ lásán ni mo bá níbi tó yẹ kí catalyst wà. Wọ́n ti gé e tà. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rà á kiri kì í fi í sinmi. Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ni kó wo èéfín tó ti gba inú catalyst kọjá. Tí catalyst bá le, ojú kan ni iná rẹ̀ máa dúró sí, nǹkan bí 0.6 sí 0.7. Nígbà tí kò sí catalyst, á máa fò bíi ti iwájú. Sẹ́ńsọ̀ tuntun kò lè sọ ohun míì. Ṣé wọ́n fẹ́ kó purọ́ ni?

Ẹ wá wo ti Toyota, nítorí òun ló pọ̀ jù lójú títì wa. Camry Big Daddy àti Muscle oní 2.4, sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú nínú wọn kì í ṣe oxygen sensor bí a ṣe mọ̀ ọ́n. A/F sensor ni, èyí tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe pọ̀ sí. Iná tirẹ̀ kì í fò láti 0.1 sí 0.9. Tí epo àti afẹ́fẹ́ bá bára mu, nǹkan bí 3.3 volt ló máa wà lójú ẹ̀rọ Toyota, ọ̀pọ̀ scan kékeré sì máa ń pín in sí márùn-ún, á fi 0.66 hàn. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ó ń gòkè ni, òdìkejì èyí tí a mọ̀. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ní "kò fò, ó ti kú." Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe jẹ́jẹ́!

Wọ́n á ní, "A pààrọ̀ rẹ̀, iná sì kú." Ẹ fi scan pa kóòdù rẹ́ ni, tàbí ẹ yọ orí bátìrì. Brain box ní láti tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ kóòdù wọ̀nyí sì ń dúró kó rí àṣìṣe náà nínú ìrìn méjì kó tó tan iná. Onímọ́tò ti lọ sí Ìlọrin ó ti dé kó tó rí i pé wọ́n ti gbówó òun lásán.

Sẹ́ńsọ̀ máa ń kú o, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Oxygen sensor oníwáyà mẹ́rin: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ fi mítà sí wáyà tó ń ròyìn, kí ẹ fọ́n carb cleaner díẹ̀ sí ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí sínú. Ó gbọ́dọ̀ fò dé 0.9 lójú ẹsẹ̀. Ẹ yọ róbà afẹ́fẹ́ kan, ó gbọ́dọ̀ já wálẹ̀. Tó bá ṣe méjèèjì kíákíá, ó wà láàyè, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ P0135, ti heater nìyẹn: ẹ wo fúùsì, ẹ wo wáyà bóyá sàlẹ́ńsà ti jó o tàbí èkúté ti jẹ ẹ́, kí ẹ tó fi mítà wọn heater fúnra rẹ̀. Tí iná kò bá gba inú heater kọjá rárá, nígbà yẹn ni kí ẹ wá pe ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀.

Ẹ sì wádìí ohun tó pa àkọ́kọ́ kí ẹ tó de tuntun mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì máa ń bò ó lórí. Omi rédíétọ̀ tó ń jò wọnú sílíńdà láti gáskẹ́ẹ̀tì ń pa á. Gọ́ọ̀mù silicone tí kò bá sẹ́ńsọ̀ mu, tí wọ́n fi lẹ ẹ́ńjìnnì pọ̀, ń pa á. Tí ẹ bá sì fẹ́ gé wáyà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì jó o, ẹ má sì fi gíríìsì sí i, nítorí inú wáyà yẹn ni afẹ́fẹ́ ìta tó fi ń ṣe ìfiwéra ń gbà wọlé nínú ọ̀pọ̀ wọn. Tí ẹ bá dí i, tuntun tí ẹ rà á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn irọ́ lọ́jọ́ tí ẹ dè é gan-an.