Àtúnṣe: Mílíọ̀nù 30 ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ọmọ tálákà kò gbọ́
Àhesọ kan gbilẹ̀ pé kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ tí ọmọ tálákà gbọ́ nílé ti fi mílíọ̀nù 30 dín sí ti ọmọ olówó. Iye yìí kò ṣeé gbára lé. Ìdílé 42 péré ni Betty Hart àti Todd Risley, àwọn olùwádìí tí iye náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá, lò ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, mẹ́fà nínú wọn ni ó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Wákàtí kan lóṣù ni wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, ìyókù jẹ́ ìṣirò. Èyí tí ó burú jù ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá ọmọ sọ ní tààrà ni wọ́n kà, bí ẹni pé ohun tí ìyá àgbà àti ẹ̀gbọ́n ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2017 rí ìyàtọ̀ bíi mílíọ̀nù 4.