Àtúnṣe: Epìyà tó ń lanu lójú omi lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ebi kọ́ ló ń pa á

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja létí omi l'Óṣogbo: pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá, tí epìyà ń lanu lójú omi, ebi ló ń pa wọ́n, kí a tètè ju ìwọ̀ síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èémí ló ń wọ́n wọn.

Àgbàrá àkọ́rọ̀ máa ń gbá ewé àti ìdọ̀tí wọnú adágún, ó sì ń ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè. Bí wọ́n ṣe ń jẹrà ni wọ́n ń gba ọ́síjìn inú omi tán. Ẹ wo ẹja náà dáadáa: ó fi ètè kan ojú omi, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì ń ṣí, ó ń padé kíákíá. Ekòló á kọjá níwájú ẹnu rẹ̀, kò ní gbé e. Àrọ̀ ní tirẹ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ìyẹn ni kì í fi í tètè dààmú.

Ẹ jẹ́ kí omi tòrò ná. Ẹ má lọ kí oòrùn tó yọ, torí ìdájí ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Ìwọ̀ kékeré ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ègé ekòló tí kò ju èékánná lọ. Bó bá gùn, epìyà á kàn máa já a jẹ létí ni. Ti àrọ̀, odindi ekòló àti òjé tó máa gbé e dé ìsàlẹ̀, nírọ̀lẹ́.

Bí ẹja bá ti kú léfòó, ẹ má kó o jẹ. Ó lè jẹ́ májèlé. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni ẹja pípa, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀.