Ilé ẹ̀gbẹ́ pápá gọ́ọ̀fù: ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀

Ẹni tó kọ ọ́ pé bí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù bá fọ́ fèrèsé yín ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ni pápá gbọ́dọ̀ san án, àti pé ẹnikẹ́ni ò ní kọ́lé síwájú yín láéláé, ṣì yín lọ́nà. Owó ilé kì í ṣe owó kékeré, ẹ jọ̀ọ́.

Ní Kingston, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ìdílé kan pẹjọ́ torí bọ́ọ̀lù tí kò yéé bà lé ilé wọn. Ní 2021 wọ́n jàre, owó tí wọ́n dá fún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 dọ́là, èlé wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé e: ìwé ilẹ̀ ti fún pápá náà ní ẹ̀tọ́ kan lórí ilẹ̀ wọn, ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ò sì gbé gbogbo ìwé náà yẹ̀ wò dáadáa. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé fún lọ́yà.

Ẹ tún wo ibi tí ilé dúró sí. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ fi ń gbá gọ́ọ̀fù. Bí bọ́ọ̀lù wọn bá ṣìnà, apá ọ̀tún ló sábà ń yà sí. Kò ju gíráàmù 46 lọ, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta.

Atẹ́gùn dára níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sílé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé yín. Àmọ́ ẹ̀rọ ìgékoríko lè máa ké kílẹ̀ tó mọ́. Ti “láéláé” yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n ti tì pa ní Amẹ́ríkà láti 2006, àwọn kan sì ti di àdúgbò. Bí ẹni tó ń talé bá ní koríko náà ò ní kúrò, ẹ ní kó fìwé hàn yín.