Kì í ṣe olólùfẹ́ ló pa Arizona Coyotes

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ ní àìwá àwọn olólùfẹ́ ló pa Arizona Coyotes, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà, àti pé báyìí náà ni àwa ará Àkúrẹ́ yóò ṣe fọwọ́ ara wa pa Sunshine Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìlú Glendale ní Arizona ló kọ̀ láti tún àdéhùn gbọ̀ngàn ṣe pẹ̀lú wọn. Láti 2022 ni wọ́n wá ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn yunifásítì tí kò gbà ju nǹkan bí 4,600 ènìyàn lọ. Ibo lẹ fẹ́ kí èrò jókòó sí? Ní May 2023, àwọn olùdìbò ìlú Tempe, ní Arizona náà, dìbò kọ gbọ̀ngàn tuntun tí ẹgbẹ́ fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Nígbà tó di April 2024, Alex Meruelo tó ni ẹgbẹ́ gba nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là, àwọn eléré bá di ti oníṣòwò Ryan Smith ní ìpínlẹ̀ Utah. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣeré kẹ́yìn, tí wọ́n na Edmonton 5-2, ilé kún fọ́fọ́! Líìgì họ́kì fún Meruelo ní ọdún 5 láti kọ́ gbọ̀ngàn, kó lè jí ẹgbẹ́ náà dìde. Kò tó oṣù mẹ́ta tó fi jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ náà. Ta ló wá pa á?

Ní ti Sunshine Stars, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ni í. Nígbà tó di Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ilé wọn, olólùfẹ́ kọ́ ló kó wọn lọ. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ ni kí ẹ bi, ẹ fi ọlọ́kadà tó ń sanwó wọlé sílẹ̀ jàre.