"Ọ́ìlì á tì í jáde fúnra ẹ̀": ọ̀rọ̀ tó ń ba timing chain jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Corolla, pàápàá èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ 1.8 yẹn, ẹ dákun ẹ ka eléyìí kí mẹkáníìkì yín tó fọwọ́ kan tensioner, ìyẹn nǹkan tó ń mú timing chain, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, fún kó má bàa dẹ̀. Ó ti lé ní mẹ́ta mẹkáníìkì tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, wọ́n á ní "hydraulic ni, ọ́ìlì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bó ṣe wù kéèyàn kì í bọ ibẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá ti sítáàtì ọ́ìlì á tì í jáde fúnra ẹ̀." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo inú ẹ̀ ná. Ọ̀pá irin kékeré kan ló ń yọ jáde tó ń ti gáìdì tí ṣéènì ń gbà kọjá, sípíríǹgì wà lẹ́yìn ọ̀pá yẹn, ihò tíńtín tí ọ́ìlì ń gbà wọlé wà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan tí kì í jẹ́ kó padà, eyín sì wà lára ọ̀pá náà tí irin kékeré kan ń há mọ́ kó má bàa sún sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá sítáàtì mọ́tò láàárọ̀, ọ́ìlì ṣì wà nísàlẹ̀, pọ́ńpù ò tíì gbé e dókè, kí ló wá di ṣéènì mú lásìkò yẹn? Sípíríǹgì àti eyín yẹn ni! Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ́ìlì ń dé, òun ló wá ń fún un lágbára tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré.

Tèmi, ọ́ìlì ló ń jò. O-ring tensioner, rọ́bà róbótó tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò níbẹ̀, ló ti le, ó wọ́pọ̀ gan-an lára 1ZZ. Ìta ló wà, nọ́ọ̀tì 10 méjì péré, kò sídìí àtitú iwájú ẹ́ńjìnnì, bó ṣe rọrùn yẹn gan-an ló ń kó bá èèyàn. Mẹkáníìkì yọ ọ́, sípíríǹgì ti ọ̀pá jáde pátápátá, ó pààrọ̀ O-ring, ó kì í padà bó ṣe wà, ó wá ń fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé. Mo dúró tì í, mi ò mọ nǹkan kan. Eyín ò jẹ́ kí ọ̀pá padà, ṣéènì wá fún ju bó ṣe yẹ lọ, bí mo ṣe sítáàtì ẹ́ńjìnnì ló ń ké wììì, ó dùn mí gan-an torí ṣéènì yẹn ò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí. Wọ́n á gbé irin tó há mọ́ eyín sókè, wọ́n á ti ọ̀pá wọlé tán, wọ́n á wá fi ìkọ́ tó wà lára ẹ̀ kọ́ ọ kó má fò jáde. O-ring tuntun, kí wọ́n fi ọ́ìlì pa á lára. Nọ́ọ̀tì méjèèjì ò gbọdọ̀ fún jù, 9 N·m péré ni (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún nọ́ọ̀tì nìyẹn). Kẹ́nikẹ́ni má yí crankshaft, irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, nígbà tí tensioner ò sí níbẹ̀ o, ṣéènì lè fo lórí eyín jíà tó wà! Tí wọ́n bá táìtì ẹ̀ tán, ìgbà yẹn ni wọ́n á fọwọ́ yí crankshaft díẹ̀ sọ́wọ́ òsì kí ìkọ́ yẹn lè tú, kí wọ́n wá yí i sọ́wọ́ ọ̀tún, kí wọ́n sì rí i pé ọ̀pá ti jáde tó ti gáìdì. Èyí ni àwọn tó gbára lé ọ́ìlì máa ń fò, tí ìkọ́ ò bá sì tú, ṣéènì á dẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá sítáàtì.

Ti ọ́ìlì tó ki náà, 20W-50 tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dà sí i kí ariwo ṣéènì lè dákẹ́, ihò tí mo sọ yẹn kéré, bí ọ́ìlì bá ṣe ki sí náà ló ṣe máa pẹ́ kó tó débẹ̀ láàárọ̀. 5W-30 ni Toyota kọ fún 1ZZ.

Tí tensioner bá jẹ́ tuntun, ó lè pariwo díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ torí kò tíì sí ọ́ìlì nínú ẹ̀, ìyẹn ò burú. Tí ariwo ò bá tètè lọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíá kí wọ́n tún un tú.