Ọ́síjìn Kì í Pa Kábọ́ọ̀nù Rẹ́

Wọ́n ní tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná bá ti ń fi ọ́síjìn sun èédú dípò afẹ́fẹ́ lásán (ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní oxyfuel), kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì, èéfín tó ń mú ayé gbóná, ò ní jáde mọ́. Iná tó mọ́ ni, wọ́n ní. Irọ́ ni o.

Inú èédú ni kábọ́ọ̀nù wà. Kílò 12 rẹ̀ tó bá jóná tán á gba ọ́síjìn kílò 32 mọ́ra, á di kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì kílò 44. Ibi yòówù kí ọ́síjìn náà ti wá, ìṣirò yẹn ò yí padà. Iná kábáàdì àti ọ́síjìn tí àwọn páńẹ́ẹ̀lì bítà wa fi ń jó irin, tó mọ́ roro yẹn, òun náà ń tú u jáde. Pé ẹ ò rí èéfín dúdú kò ní kó má sí níbẹ̀.

Náítírójìn ni ọ́síjìn ń bá wọn lé lọ. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 ni náítírójìn, kò sì bá èédú jó. Ó kàn ń gba inú ààrò kọjá ni, omi á wá pọ̀ ju ọkà lọ: nínú èéfín ilé iṣẹ́ eléèédú, kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì kì í sábà ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣà á jáde níbẹ̀, kó lè rì í sábẹ́ ilẹ̀, ti ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí náítírójìn ò bá wọlé, kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì àti ooru omi ló máa gba gbogbo èéfín kan. Ẹ mú un tutù, ooru á di omi, á ṣàn lọ, ohun tí ẹ̀ ń wá á kù sílẹ̀. Oore ńlá nìyẹn. (Wọ́n tún máa ń dá lára èéfín yẹn padà sínú ààrò, torí ọ́síjìn nìkan á mú iná gbóná ju ohun tí bọ́ílà lè fara dà.)

Ṣùgbọ́n ọ́síjìn náà ò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mú tutù títí á fi di olómi, ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 180 sábẹ́ òdo, kí wọ́n tó lè yà á. Iná tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ tà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kí ti oníbàárà má bàa dín kù, wọ́n á sun èédú kún èédú. Nítorí náà, tí wọn ò bá rí ibi gbé kábọ́ọ̀nù náà pa mọ́ sí, ó burú ju ti àtijọ́ lọ!

Ẹ wo Schwarze Pumpe ní Jámánì. Vattenfall, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti Sweden, ṣí ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò oxyfuel oníwọ̀n mẹ́gáwáàtì 30 síbẹ̀ ní 2008. Ẹ̀rọ ò já wọn kulẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ Altmark, ní Jámánì níbẹ̀, ni wọ́n fẹ́ rì kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì náà sí, àwọn ará ibẹ̀ ní àwọn ò gbà. Ní 2011, wọ́n fi ọkọ̀ gbé díẹ̀ lọ sí ìlú Ketzin, wọ́n rì í síbẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tó kù, lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí wọ́n fi mú un, wọ́n tú u sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́.